Nígbà Tí Abẹ́rẹ́ Bọ́ílà Wọ Ibi Pupa

"Mama! Ẹ wá wò ó! Abẹ́rẹ́ yẹn ti ń gòkè!"

Adéfọlá ló ń pariwo láti yàrá abẹ́ ilé. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí pé ọmọ tuntun ń sùn lókè. Láti ìgbà tí òtútù ti dé sí Atlanta ni bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbígbóná káàkiri láti mú ilé wọn móoru, ti ń fojú rẹ̀ rí màbo. Tó bá bu omi kún un lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára omi inú rẹ̀ á ti wálẹ̀, ilé á sì tutù. Kò rí omi nílẹ̀ níbì kankan. Ó ti gbà pé inú bọ́ílà gan-an ló ya, tí omi ń jò níbi tí ojú ò tó.

Àmọ́ lónìí, abẹ́rẹ́ ń gòkè!

Ìyá rẹ̀, tó ti Ọ̀yọ́ wá wẹ ọmọ, ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo tún un ṣe! Mo rí páìpù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kán sínú gọ́tà. Mo ki lọ́rá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dè é pinpin. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn!"

"Mama, ẹ̀yin gan-an ni engineer!" Adéfọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Kaothar, ọ̀rẹ́ Tolú ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti wá kí ọmọ ni. Iṣẹ́ àtúnṣe bọ́ílà ló ń ṣe. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tíúbù láti orí àtẹ̀gùn, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Brother, abẹ́rẹ́ yẹn, ibo ló wà?"

"Ó ti wọ ibi pupa! Pressure ti pọ̀ dáadáa!"

"Ẹ jáde! Gbogbo yín! Tolú, gbé baby!" Kaothar pa ṣíwíṣì bọ́ílà, èyí pupa tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, lójú ẹsẹ̀.

Níta, Mama gba ọmọ lọ́wọ́ Tolú, ó gbá a mọ́ra. "Kí ni mo ṣe?"

"Mama, ẹ ò mọ̀ ni," Kaothar dáhùn. " Bí omi gbígbóná bá pọ̀ jù nínú bọ́ílà, páìpù yẹn ló ń gbà jáde. Bí a bá dí i, bọ́ílà lè bú gbàù."

Orí bọ́ílà náà gan-an ni yàrá ọmọ wà. Adéfọlá gbójú sókè wo fèrèsé yàrá náà.

Nígbà tí bọ́ílà tutù tán, Kaothar tú tíúbù náà. Ó bu omi kún bọ́ílà dé ìwọ̀n, ó ti fáàfù méjì, ìyẹn ẹnu tí omi ń gbà láàárín rẹ̀ àti páìpù ilé. "Bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ báyìí, inú bọ́ílà ló ya. Bí kò bá wálẹ̀, ká wá ohun tó ń dà á láàmú síbòmíì."

Wọ́n tẹjú mọ́ géèjì bí ẹni ń wo pẹ́náítì.

"Kò mì! Kò mì rárá!" Mama ló kọ́kọ́ kígbe.

Kaothar wá tẹ ẹnu táǹkì kékeré ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà, ẹnu tó dà bíi ti táyà. Dípò afẹ́fẹ́, omi ló tú sí i lójú.

"Òun nìyí!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Rọ́bà tó ń ya omi àti afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ nínú táǹkì ti ya. Bí omi bá gbóná, ó máa ń fẹ̀. Kò rí àyè níbí mọ́, ló ṣe ń gba páìpù ẹ̀yìn yẹn jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀."

"Kì í ṣe bọ́ílà! It's just the tank!" Adéfọlá fò sókè.

"Mi ò ní dè é mọ́ láé," Mama wí. "Bó bá tún kán, ariwo ni màá pa."

Ẹ̀yin ará wa, bí abẹ́rẹ́ bọ́ílà yín bá ń wálẹ̀ ṣáá, ẹ má kàn máa bu omi kún un, ìpẹtà ló ń fà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìdí páìpù gbogbo, kí ẹ wá pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má tú u fúnra yín. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ibi pupa, ẹ pa á bó bá ṣeé ṣe, ẹ kó ọmọ jáde, ẹ pe àwọn panápaná. Páìpù tó ń kán, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún yín. Ẹ má dí i lẹ́nu.