Wọ́n Ní Ìyá Aránṣọ Fò, Ó Sì Já Bọ́

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá òkú Bàbá Káfíńtà lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n bá ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, tí eegun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Ara bàbá le koko lálẹ́ àná. Ta ló wá pa á? Kí sì ni obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ń wá lẹ́yìnkùlé nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́?

Àwọn aládùúgbò dá ara wọn lóhùn. Wọ́n ní ìyá ló jẹ ọkọ rẹ̀, pé ibi tó ti ń fò bọ̀ wálé ni ilẹ̀ mọ́ bá a, tó fi já bọ́. Ẹnì kan ní òun rí ẹyẹ dúdú kan lórí òrùlé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹyẹ ti di méje.

Ilé ìwòsàn fi irin de eegun náà, wọ́n dá ìyá padà sílé. Kò pẹ́, ibà mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, àwọn adìyẹ ò yé mọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá ń gbé oúnjẹ ìyá sẹ́nu ọ̀nà, á kanlẹ̀kùn, á sì yára lọ.

"Ṣé ajá ni mí ni?" ìyá bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ má bínú, Màámi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí."

"Èmi náà, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ìwọ lo fẹ́ ẹ."

Ẹni tó ń wọlé tọ̀ ọ́ ò ju obìnrin kan láti ilé ìwòsàn lọ, tó ń kọ́ àwọn tí eegun wọn kán bí wọ́n á ṣe tún rìn. Ìyá sọ ọ́ ní Tíṣà Ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ní kí ìyá dìde, òógùn bo ìyá, ojú rẹ̀ ṣú.

"Ó ń dùn mí."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń sùn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì yìí ló máa jẹ yín, kì í ṣe àjẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Ó di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Tíṣà Ẹsẹ̀ gbé wá fún un láti fi rìn mú, ó sì dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń gbé àwo kọjá lẹ́nu yàrá ìyá. Ó gbọ́ tí nǹkan ń kan sìmẹ́ǹtì, tí nǹkan sì ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mẹ́jọ ti lọ, ó ku méjì."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Méjì wo ló kù, bí kì í bá ṣe ọkọ òun àti ọmọ òun?

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá pe ẹbí jọ sí pálọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ìyá wá kó wá jẹ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ilẹ̀kùn ṣí, ìyá sì ń bọ̀ lórí irin rẹ̀.

"Mi ò tíì di ẹrù," ó wí. "Kí lẹ fẹ́?"

Ìyàwó sọ ohun tó gbọ́.

"Ìṣísẹ̀ ni èmi àti Tíṣà Ẹsẹ̀ ń kà. Ó ku méjì kí n dé ojú wíńdò."

"Ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́?" ìyàwó tún bi í. "Ohùn kan pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹni tó bá dá a lóhùn á kú. Mo ti ilẹ̀kùn pa, mo fi aṣọ dí ọmọ mi létí."

Ìyá yí irin rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó.

"Èmi ni," ìyá wí. "Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń kérora ní ṣọ́ọ̀bù. Mò ń sáré lọ ni ẹsẹ̀ mi yọ̀. Mi ò lè dìde, mo wá ń pè ọ́ kí o lọ bá mi gbé e. Mò ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ níbẹ̀ títí tó fi dákẹ́."

Ọmọ rẹ̀ dorí kodò. "Dókítà sọ fún mi pé ọkàn Bàbá ló dáwọ́ dúró. Ojú ẹ̀yin àgbà ẹbí ni mò ń wò, mi ò lè sọ ọ́."

Àbúrò bàbá kọjú sí ìyá. "Ẹ ṣáà búra, ìyàwó wa, kí ọ̀rọ̀ parí."

"Mi ò búra," ìyá wí. "Mi ò sì kúrò níbí. Abẹ́rẹ́ ni mo fi kọ́ ilé yìí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ìyá jáde sí títì lórí irin rẹ̀. Ìyàwó sáré tẹ̀lé e, ó na ọwọ́ láti gbá a nígùn-únpá mú. Ojú ìyàwó ti wú fún ẹkún.

"Má dì mí mú," ìyá wí. "Bá mi rìn ni."

Wọ́n jọ gba iwájú ilé àwọn aládùúgbò kọjá. Ìyá ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúró dè wọ́n títí tí wọ́n á fi dáhùn.