Lẹ́yìn Àmín Ni Kí O Tó Yìn Ín

Ìdí ìbọn ni Bándélé kọ́kọ́ rí. Ó yọrí lẹ́yìn ọ̀kadà kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ore, wọ́n fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun. Ìgbà tó gbójú sókè ló wá rí ẹni tó gbé e: ọmọbìnrin dúdú kan tí eruku ọ̀nà Ajue ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ pupa, tó sì ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó bá wá. Bándélé, káfíńtà tí kì í ṣi pákó wọ̀n, fi rúlà sílẹ̀, kò sì rántí ibi tó fi í sí títí di ọ̀sán.

“Ẹ má sá o, mi ò wá jalè.”

“Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ wá jalè, ẹ ṣáà máa kó ohun tó bá wù yín.”

Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń ṣe epo pupa ní Ajue. Ìbọn atẹ́gùn ló gbé wá, èyí tí wọ́n fi ń díje, tí wọ́n fi ń yin bébà, kì í ṣe ẹran. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n díje ní Àkúrẹ́ láti yan ẹni mẹ́ta tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, ohun tí ọmọbìnrin náà sì ń lépa láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

“Ọta mi kì í bá ara wọn dé ojú kan,” ó ní. “Ẹni tó ń kọ́ mi sọ pé ìdí ìbọn yìí ti kéré jù fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ bá mi fi igi kún un.”

Bándélé wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó tún un wọ̀n. Nígbà tó tún na ọwọ́, Fẹ́yìsayọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Ṣé ó ń dàgbà ni?”

Ó gbẹ́ igi afàrá, ó fi sanpépà ha á títí ó fi ń dán, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbọn. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń gun ọ̀kadà lọ sí Ajue, sẹ́yìn oko kòkó, níbi tí wọ́n ti ń fi bébà kọ́ sára òkìtì erùpẹ̀. Ọta ṣì ń fọ́n káàkiri. Ó bu igi kúrò, ó tún fi kún un, kò sí ìyàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé “ẹ” ti di “o” láàárín wọn, Bándélé ti di “káfíńtà mi”, ìfẹ́ sì ti wọ̀ ọ́ lára débi tó fi ń kọrin nídìí ayùn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá Fẹ́yìsayọ̀, Màmá Magdalene, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin aládùúrà ní ìjọ wọn, ní kí Bándélé wá jọ́sìn. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó di ojú, kò gbóhùn sókè, àmọ́ ètè rẹ̀ ń lọ kíákíá, àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá gbé ìbọn! Inú Bándélé dùn débi pé kò lè dákẹ́ dé ilé. Lójú gbogbo ìjọ ló ti pariwo:

“Sayọ̀, mo ti rí i! Àdúrà ló ń bà á jẹ́! Jáwọ́ nínú àdúrà!”

Gbogbo ìjọ yíjú sí i.

“Kí lo ní kí ọma mi jáwọ́ nínú ẹ̀?” Màmá Magdalene bi í.

“Màmá, mo ní tó bá ń yìnbọn…”

“Máa lọ sí Ore. Ẹni tó fẹ́ gba àdúrà lẹ́nu ọma mi ò ní fẹ́ ẹ.”

Bándélé wo Fẹ́yìsayọ̀. Omi ti lé sójú rẹ̀. “Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, mi ò ṣe nǹkan kan rí láìgbàdúrà. Mo rò pé o mọ̀ mí,” ó ní, ó sì yíjú kúrò.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bándélé kò fi lè jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó tú dígí lára kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kàn, ó gbé e lọ sí Ajue, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Magdalene.

“Mo ṣìsọ, Màmá. Ẹ ṣáà jẹ́ kó wo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.”

Fẹ́yìsayọ̀ gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú, pẹ̀lú ìbínú. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó sì yọjú wo dígí. Gbogbo bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì ni ẹnu ìbọn ń mì sókè sódò.

Màmá Magdalene ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Ọma mi, ìbọn ẹ ń bá ẹ ṣe Àmín! Ṣé Olúwa ò ní gbọ́ tó o bá gbàdúrà tán kó o tó gbé e ni? Ṣe Àmín, fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mí sóde díẹ̀, kó o wá yìn ín. Ìwọ káfíńtà, dìde nílẹ̀ jàre.”

Ní Àkúrẹ́, Fẹ́yìsayọ̀ ló ṣe ìkejì, wọ́n sì yàn án.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé, ó bá Bándélé lábẹ́ igi kòkó níbi tí wọ́n ti máa ń yìnbọn. Bándélé kò jẹ́ kó jókòó tó fi bi í:

“Fẹ́yìsayọ̀, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó di ojú, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bándélé kò mira. Èèrà ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù. Àdúrà náà gùn, ó sì dúró dè é.

“Àmín,” Fẹ́yìsayọ̀ wí.

Ó dìde, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé èjìká Bándélé, ó mí sóde díẹ̀.

“Màá fẹ́ ẹ, káfíńtà mi.”