Ìgò Kẹfà Nínú Kúlà

Láti òwúrọ̀ Sátidé ọjọ́ náà ni ìdí Oyèdìran kò ti balẹ̀ sórí àga. Ó jókòó, ó dìde. Ó yọjú síta wo ojú ọ̀run, ó tún wọlé wá wo ojú aago. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Nàìjíríà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ilé rẹ̀ ní Odò-Ọwá sì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ wò ó, nítorí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Láti ọjọ́ tó ti gbé e kọ́ sára ògiri, kò tíì sí àlejò kan tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì lọ ròyìn rẹ̀ lóko.

Damaris ìyàwó rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Ó ti din iṣu tuntun, ó bò ó sínú àwo. Ata díndín ti délẹ̀, ẹran ewúrẹ́ sì ń hó lórí iná pẹ̀lú ewé efinrin. Nítorí Ìbítóyè, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kì í fẹnu kan ọtí, ó se sóbò, ó fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, ó sì rọ ọ́ sínú ìgò ike márùn-ún tí wọ́n ti mu ẹlẹ́rìndòdò inú wọn tán. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìdáná.

"Bàbá Wisdom, mo ń lọ síbi tá a ti ń kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí oníyìnyín bá dé, ẹ kó àwọn ìgò yẹn sínú kúlà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹran jóná o."

"Ṣé èmi ni ẹran á jóná mọ́ lọ́wọ́?"

"Ti ọdún tó kọjá ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Àṣìṣe Oyèdìran kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Òun àti Ìbítóyè ti jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní géńdé: bí wọ́n bá kọ ebè fún ọ̀kan lónìí, wọ́n á kọ ọ́ fún èkejì lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń jọ ra oògùn apakoríko, gálọ́ọ̀nù kan fún oko méjì. Òjò ọdún náà pọ̀, koríko sì ti fẹ́ bo oko iṣu Ìbítóyè mọ́lẹ̀. Oyèdìran wá rántí pé òun kò tíì bu ìpín ọ̀rẹ́ òun fún un. Ó gbé gálọ́ọ̀nù náà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó mú òfìfo ìgò ike kan, irú èyí tí ìyàwó rẹ̀ rọ sóbò sí gan-an, ó bu oògùn náà kún un, ó dé e. Ó ṣú dùdù bí sóbò tó ki. Ó gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná kí ó má baà gbàgbé bí Ìbítóyè bá dé. Kò ro ibi kankan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbẹ̀ tó mọ̀ ṣe ń bù ú.

Aago mẹ́rin kọjá dáadáa kí oníyìnyín tó dé. Bó ṣe dé ni iná lọ. Oyèdìran bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: ó fa jẹnẹrétọ̀ síta, ó da yìnyín sínú kúlà, ó wọ ilé ìdáná tó ti ṣókùnkùn, ó gbá gbogbo ìgò orí tábìlì mọ́ àyà, ó sì rọ́ wọn sínú yìnyín. Kò ka iye wọn.

"Ẹ kú ilé o!" Adéṣọlá, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ló kọ́kọ́ wọlé, Ìbítóyè tẹ̀lé e. "Oyè, ògiri rẹ dà? Tẹlifíṣọ̀n ti gbé e mì!"

"Jókòó, tíṣà, kó o jẹ dùndú. Ìyẹn ni kó o fi ẹnu yẹn ṣe."

Wọ́n jẹ, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú agbábọ́ọ̀lù tí kò gbọ́ wọn. Oyèdìran kò lè jókòó. Ó lọ wo jẹnẹrétọ̀, ó padà, ó fi ẹran kún àwo, ó tún dìde.

"Ata yìí fẹ́ pa mí," ni Ìbítóyè wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Sóbò mi dà?"

Oyèdìran ti ọwọ́ bọ kúlà, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Ó mú ìgò tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó nà án sí i. Ìbítóyè ṣí i, ó gbé e sẹ́nu. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni bọ́ọ̀lù wọlé, Adéṣọlá fò sókè, ó sì fi ọwọ́ gbá Ìbítóyè lẹ́yìn. Ìbítóyè gbé díẹ̀ mì, ó tu ìyókù dà sílẹ̀.

"Kí lèyí? Ó korò!"

"Ìyá Wisdom ti gbàgbé ṣúgà ni," ni Adéṣọlá wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àbí bí sóbò ẹ̀yin Áńgílíkà ṣe ń rí nìyẹn?"

Oyèdìran kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó sáré mú epo pupa wá.

"Mu ún, Bàbá Joy. Mu púpọ̀."

"Kí ló wà nínú ìgò ọ̀hún?" ni Adéṣọlá bi í.

Níbẹ̀ ni ojú ti Oyèdìran. "Ó jọ pé sóbò náà ti kan ni," ló wí.

Ìbítóyè mu epo, ó bì síta, ó fi ọwọ́ nu ẹnu. Adéṣọlá ní kí àwọn fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

"Lójú ọ̀nà tí òjò àná ti sọ di odò? Èmi tí mo fẹ́ ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la?" ni Ìbítóyè wí. " Ìkorò náà ti lọ. Ẹ jẹ́ ká parí bọ́ọ̀lù wa."

Wọ́n parí rẹ̀. Oyèdìran yọ́ lọ ju ìgò náà sínú ṣáláńgá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ó lọ dúró sábẹ́ fèrèsé ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi títí ó fi gbọ́ ohùn Ìbítóyè tó ń ka Bíbélì. Ohùn náà ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á tán. Oyèdìran mí kanlẹ̀. Epo ti ṣiṣẹ́, ó wí nínú ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Damaris ń fọ kúlà. Ó dúró, ó tún ìgò kà.

"Bàbá Wisdom, sóbò márùn-ún ni mo rọ. Márùn-ún ló ṣì wà níbí. Kí wá ni Bàbá Joy mu?"

Kò tíì dáhùn tí Susanna, ìyàwó Ìbítóyè, fi sáré wọ àgbàlá. Ahọ́n ọkọ rẹ̀ ti bó. Kò lè gbé itọ́ mì, kò sì tíì tọ̀ láti àná.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Hussainat tan iná sí ẹnu Ìbítóyè, ó yíjú padà sí wọn. "Kí ló mu?"

"Sóbò tó kan ni o," ni Susanna wí.

"Ìyá, sóbò kì í bó ahọ́n èèyàn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Oyèdìran wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. "Oògùn koríko ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo bù ú sínú ìgò. Èmi náà ni mo gbé e fún un. Mo fún un ní epo pupa, ó sì bì."

Susanna kò pariwo. "Láti Sátidé, Bàbá Wisdom? Láti Sátidé lẹ ti mọ̀?"



"Epo kì í pa oró yìí," ni Hussainat wí. "Èébì tí ẹ mú kó bì, ọ̀nà ọ̀fun ló tún lọ jó lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, kí ẹ sì gbé e wá láàárín wákàtí kan pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù tí orúkọ oògùn wà lára rẹ̀, a ì bá gbìyànjú. Irú oògùn yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Ara á dà bí ẹni pé ó ti yá lọ́jọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀, ó ti ń lọ sínú kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró."

Wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Oyèdìran kò padà sílé. Ní ọjọ́ keje, Ìbítóyè ń mí bí ẹni tó sáré ti oko dé, ó fọwọ́ pè é.

"Oyè. Koríko oko mi ńkọ́?"

"Màá ro ó."

Ní ọjọ́ kẹwàá ni ó kú. 

Oko Ìbítóyè kò rí oògùn kankan lọ́dún náà. Ọkọ́ ni Oyèdìran fi ro ó, láti ebè dé ebè, òun nìkan, láìsí ẹni tí yóò bá a ṣe àáró. Susanna gbé omi wá fún un lọ́jọ́ kan. Ó gbé e sílẹ̀ létí ebè, ó kí i kú iṣẹ́, ó sì yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àlejò á ṣì wá wo bọ́ọ̀lù nílé yín, ẹ ó sì gbé ohun mímu fún wọn. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ dìde, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn koríko tàbí ti kòkòrò tó bá wà nínú ìgò ohun mímu níbẹ̀, ẹ mú un kúrò nínú ilé lónìí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi tí oúnjẹ kì í dé. Ẹ má ṣe bu oògùn sínú ìgò ohun mímu mọ́ láéláé. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má wá epo, ẹ má dúró de ìrora, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú di ẹnu yín. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ méjì ni Oyèdìran fi dákẹ́.