Àga Tí Wọ́n Ní Ó Ṣófo

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Gáréèjì Ìkòròdú tó ń di etí nígbà tí kọ̀ńdọ́ bá ń ka èrò, ẹ bá mi kí i. Òun ni.

Fábíyìí ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2006, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì èrò wò. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì búlúù, bàtà tó ń dán ju ọjọ́ iwájú rẹ̀ lọ. Àwọn ará ẹ̀sítéètì rẹ̀ ń pè é ní "Páílọ́ọ̀tì". Kò bá wọn jiyàn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin Àgbówà kan dúró níwájú rẹ̀. Sìlífátù Ọláògún, ẹni tó ń ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ lọ tà ní Àbújá. Ọkọ̀ ti kún. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀, ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Rodiat, tí kò yọjú. A ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe nílùú yìí: orúkọ ẹnìkan nínú ìwé, ìdí ẹlòmíràn lórí àga. Sìlífátù ti àpò ọ̀rá kan sábẹ́ tábìlì. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni, ó ká bí òrùka. Fábíyìí fi orúkọ Rodiat jẹ́ kó wọlé. Àga kẹrìnlá.

"Ọlọ́run á gbé yín ga, ọ̀gá," ni obìnrin náà wí.

Ọkọ̀ náà gbéra. Kò balẹ̀ síbi tó yẹ kó balẹ̀ sí. Iná jó o débi pé kò sí ojú ẹni tí a lè dá mọ̀.

Nígbà tí rédíò ka Rodiat mọ́ òkú, ó bẹ́ jáde ní ilé rẹ̀, ó ń pariwo pé òun wà láàyè, ìgbákọ ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí wá pe Fábíyìí.

"Ta ló jókòó sí àga kẹrìnlá?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni, sà. Ó ṣófo."

Ó délé, ó jẹ ìyókù ẹja náà. Ó dùn. Ìyẹn ló burú jù.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún méjì pé nígbà tí lẹ́tà Lateefah dé. Lọ́yà ni, ìyá Sìlífátù ló gbé ẹjọ́ lé e lọ́wọ́. Orúkọ Sìlífátù kò sí nínú ìwé èrò, nítorí náà kò kú lójú òfin. Kò sì padà wálé, nítorí náà àwọn ará àdúgbò, tí kì í rí ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n má da ọ̀rọ̀ sí i, ní ó ti bá ọkùnrin sá lọ. Ọdún méjì péré ni òfin fún ẹbí òkú láti pe ẹjọ́ kí wọ́n lè gba owó gbà-má-bínú. Bó bá kọjá, ẹ̀tọ́ náà ti kú. Ọjọ́ Ajé ni yóò pé. Fábíyìí nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé Sìlífátù wọ ọkọ̀ náà. Bó bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀lé e.

Ní Sátidé, Fábíyìí wọ bọ́ọ̀sì ní Gáréèjì. Ìjẹ̀dẹ́ ló ń lọ, kó lè ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi sí Àgbówà. Ó ti pinnu pé òun á sọ òótọ́. Kọ̀ńdọ́ yọjú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sún díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màdámù jókòó dáadáa."

Fábíyìí wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àga lásán.

"Màdámù wo?"

Kọ̀ńdọ́ wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ó ń ka èrò lọ. Òórùn ẹja gbígbẹ gba inú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó gbé ẹja.

Ní Ìjẹ̀dẹ́, Adéòjó ọlọ́kọ̀ ń pín ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó na méjì sí Fábíyìí.

"Ọ̀kan ti tó."

"Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹ gbà á, jàre. Èmi kì í fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré. Ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni mò ń wà."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Fábíyìí gbé ẹ̀wù kejì sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Adéòjó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń pe orúkọ, oníkálukú ń dáhùn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn kó tó tú okùn. Nígbà tí wọ́n dé Àgbówà, Fábíyìí bojú wo ẹ̀wù kejì. Okùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní síso.

Ìyá Sìlífátù gbé omi wá. Ife méjì. Ó gbé ọ̀kan síwájú Fábíyìí, ó gbé èkejì síwájú àga tó ṣófo. Lateefah, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó ṣí bíírò.

"Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí, ṣé ẹ rí i tó wọ ọkọ̀ náà?"

Fábíyìí ń wo bíírò náà.

"Ọmọ mi kì í ṣe ìsáǹsá, ọ̀gá," ni ìyá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ ṣáà sọ ibi tó jókòó sí fún mi."

Fábíyìí la ẹnu. Ó rántí owó ilé. Ó rántí táì búlúù. Ó rántí "Páílọ́ọ̀tì".

"Kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀, mà. Àga náà ṣófo."

Ife kejì dún tín-ín lórí tábìlì. Omi inú rẹ̀ ti tán.

Nígbà tó padà dé etí omi, ẹ̀wù kan ṣoṣo ni Adéòjó nà sí i.

"Ẹnì kejì yín ti délé nìyẹn?"

Fábíyìí wọ ẹ̀wù náà.

"Orúkọ?"

"Fábíyìí."

Adéòjó kọ ọ́. Òjò ti ṣú. Ó pe èrò méje, èrò méje dáhùn. Ó kan ìkẹjọ.

"Sìlífátù Ọláògún."

Fábíyìí wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Kò sí obìnrin kankan nínú ọkọ̀.

"Sìlífátù Ọláògún! Ẹ dáhùn ká máa lọ, òjò ń bọ̀."

"Mo wà níbí."

Ohùn obìnrin ni. Ó rọra jáde, bíi ti ẹni tó ń súre fún ọ̀gá. Gbogbo èrò yíjú. Fábíyìí ni wọ́n ń wò. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Adéòjó fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èrò mẹ́jọ. Ó pé. Ó tú okùn.

Orúkọ Fábíyìí kò sí níbẹ̀.