Báńdéèjì Ọwọ́ Òsì Barnabas

Kí Ọlọ́run má fi ohun tí ojú wa ò lè gbé hàn wá. Ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Ọlọ́runbùnmi gbé ìgbálẹ̀ wọ Ilé Àdúrà Òkè Ìtùnú ní Ore, ó sì bá kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀rí ní fífọ́. Gíláàsì rẹ̀ ti di wẹ́wẹ́ sórí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ síwájú pẹpẹ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí ni àwọn ọmọ ìjọ máa ń kó ohun tí wọ́n fi dúpẹ́ sí. Ọ̀pá tí arọ kan jù sílẹ̀ wà níbẹ̀. Bàtà ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá wà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ Barnabas náà wà níbẹ̀, méjèèjì pé. Ṣùgbọ́n báńdéèjì tó dì mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà ńlá, tí wọ́n rán pa sínú aṣọ funfun, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Ore tí kò mọ ìjà náà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, Barnabas ọmọ Odigbo pàdé Waheed ará Araromi-Obu lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n lè mọ ta ni ọ̀gá láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ìpele hẹ́fíwéètì, àwọn òmìrán tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Àwọn àgbà pè é ní Ìjà Ore Kejì, torí pé ìbọn ni wọ́n fi ja ti àkọ́kọ́ nígbà ogun abẹ́lé. Abala márùn-ún gbáko ni Waheed fi ń yẹ ẹ̀ṣẹ́ Barnabas bí ẹni ń yẹ ẹ̀ka igi lójú ọ̀nà oko. Ní abala kẹfà, ẹ̀ṣẹ́ òsì kan ṣoṣo bà á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì wó lulẹ̀ bí ọ̀pẹ tí iná jẹ nídìí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ki Barnabas ní gáréèjì:

Ọmọ Odigbo, a-kan-ògiri-kí-ògiri-bẹ̀bẹ̀,
Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tó ju igba lọ,
Ẹni Olúwa gbé iná sí lọ́wọ́!

Atajà ni wọ́n sọ Waheed. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ́ náà kò tó ohun tó ń gbé òmìrán ṣubú, pé ṣe ló ta ìjà, tó sì sùn sílẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ náà, ti ọ̀tún sì ti ń ṣe bàìbàì báyìí, síbẹ̀ Atajà náà ni.

Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọlọ́runníyì tó dé ilé àdúrà, àwọn kan ti lọ mú Waheed wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó wá sí ilé àdúrà lọ́jọ́ Àìkú, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan báńdéèjì náà. Kọ́púrà kan ti tì í mọ́lé, wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ojú rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ lóṣòó síwájú pẹpẹ. Ipa bàtà kan wà lára aṣọ funfun náà, tòun ti ilẹ̀ pupa. Iwájú bàtà nìkan ló hàn, kò ní gìgísẹ̀, àwọn àmì roboto kéékèèké sì tò sínú rẹ̀.

"Ìyá, ta ló wọ bàtà wọ ibí?"

"Bàtà kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ilẹ̀ mímọ́ ni, ọmọ mi. Olè ìjọ wa pàápàá á bọ́ bàtà kó tó jalè."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìnsípẹ́kítọ̀. "Waheed ńkọ́?"

"Ìyẹn? Mùsùlùmí ni, ó mọ bàtà bọ́ ju àwa gan-an lọ. Wòlíì sì dá a lóhùn dáadáa. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́rú, kí Barnabas náà wà níbẹ̀, àwọn á tú u fún un."

"Ọjọ́rú? Ọ̀la nìyẹn."

"Ọ̀la ni mo wí."

Ìnsípẹ́kítọ̀ na ọwọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Níbi tí wọ́n gbé ìdì náà sí fún ọdún mẹ́sàn-án, èérún funfun díẹ̀ dà sílẹ̀ bí ẹfun. Ó gbá a sínú bébà, ó ká a, ó kì í bọ àpò.

Nínú àhámọ́, Waheed jókòó sílẹ̀, ó ń yí ojú tó kù sí ibi tí ohùn ti ń wá.

"Kí lẹ ń fi báńdéèjì ẹlòmíràn ṣe?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọ̀gá, mo lọ rí dókítà ojú ní Àkúrẹ́. Ó wo fọ́tò egungun ojú mi, ó ní, 'Bàbá, ta ló sọ yín lókùúta?' Mo ní ìbọ̀wọ́ ni. Ó ní ìbọ̀wọ́ kì í fọ́ egungun báyìí. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ bá mi wo ohun tó wà lẹ́yìn abala kẹfà yẹn. Atajà ni wọ́n ń pè mí létí ìyá mi títí ó fi kú. Kí ojú kan yìí tó lọ, mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ níwájú èrò pé n kò ta ìjà."

"Ẹ ò jí i?"

"Ẹni tí wọ́n ní kó wá gbà á lọ́la, kí ni yóò fọ́ gíláàsì lónìí fún?"

Barnabas ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọ̀kadà létí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ìjà náà, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni ń gun orí pẹpẹ.

"Aṣàyẹ̀wò ti tẹ báńdéèjì ọwọ́ mi wò, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó buwọ́ lù ú. Ìgbà náà ni Kóòṣì Eli gbé omi àdúrà dé nínú ìgò. Ó dà á sí ọwọ́ mi méjèèjì títí tó fi rin gbingbin. Ọ̀gá, kí wọ́n tó fi ìbọ̀wọ́ wọ̀ mí tán, ọwọ́ mi gbóná! Iná Ẹ̀mí ni. Lẹ́yìn náà ló le, ó wúwo bí irin, àní ọ̀bẹ ni wọ́n fi là á kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ọdọọdún ni mo ń jẹ́rìí ẹ̀."

"Aṣàyẹ̀wò kò tún tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn àdúrà?"

"Ta ni yóò máa tẹ ọwọ́ tí a ti yà sí mímọ́?"

"Kóòṣì Eli yìí, ọmọ ìjọ yín ni?"

Barnabas bú sẹ́rìn-ín. "Eli tó ń pe àdúrà lariwo! Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó gbé omi àdúrà dání. Ìyẹn gan-an ló wú mi lórí."

"Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tú ìdì náà lọ́la?"

"Èmi ni mo sọ fún un lánàá. Mo ní kó wá bá wa dé ibẹ̀."

"Báńdéèjì ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

Barnabas wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kóòṣì fẹ́ sun méjèèjì lẹ́yìn ìjà, ó ní òógùn ti kún inú wọn. Mo ní mo ti fi ti òsì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Olúwa. Ó bínú, ṣùgbọ́n kò rí mi mú. Ti ọ̀tún, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Odigbo. Mo parọ́ fún Kóòṣì pé mo ti sun ún."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé èérún funfun náà lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn de egungun fi ìka rún un.

"Pi-o-pi ni, báńdéèjì oníyẹ̀fun tí a fi ń de ẹsẹ̀ tó bá kán. Bí omi kò bá tíì kàn án, ó rọ̀ bí aṣọ. Bí omi bá kàn án, á kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà á le bí òkúta."

"Ẹ ní á gbóná?"

"Àwọn aláìsàn mìíràn máa ń pariwo pé a fẹ́ sun àwọn láàyè."

Inú Ìnsípẹ́kítọ̀ kò dùn bí inú ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹran. Òun náà gbàdúrà kó tó jáde nílé. Iná Ẹ̀mí, ẹ̀rí ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo "Halelúyà" tí ìjọ ti ké lé e lórí! Ó gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo.

Màmá Cecilia, ìyá Barnabas, ń bó gbáàgúdá lẹ́yìn ilé. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọlé, wọ́n mú ìdì funfun kan jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí wọn.

"Bí ibà bá mú mi, èyí ni mo ń gbé lé orí," ni wọ́n wí. "Ẹ óò dá a padà, àbí?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ní ọ̀sán, ó yà sí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ́ Kóòṣì Eli, ilẹ̀ pupa kan tí kò jìnnà sí ilé àdúrà. Kóòṣì ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà ìjà pẹlẹbẹ.

"Ẹ sáré láàárọ̀ yìí, Kóòṣì?"

"Ojoojúmọ́ ni. Ọ̀gá, ẹ̀yin ẹ fi àwa eléré ìdárayá sílẹ̀ jàre. Ẹ ti ní olè yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó fi àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ẹni tó ta ìjà, kí ló kù tí kò ní jí?"

"Ẹ wá sọ ọ́ báyẹn nílé àdúrà lágogo mẹ́rin."

Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, Wòlíì, Ìyá Ọlọ́runbùnmi àti Barnabas ti jókòó. Kọ́púrà mú Waheed wọlé láìwọ bàtà. Ẹ̀yìn wọn ni Eli fò wọlé.

"Bàtà ẹ! Bàtà ẹ!" ni Ìyá Ọlọ́runbùnmi ké. "Ṣé inú ọjà lo wọ̀ ni?"

Eli fò sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ipa bàtà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó mọ́ rekete náà: iwájú nìkan, pẹ̀lú àmì roboto. Ìnsípẹ́kítọ̀ wò ó. Ó gbé ìdì funfun kan sórí tábìlì.

"Háà, ẹ ti rí i lọ́wọ́ Atajà!" ni Eli wí.

"Ti ọwọ́ ọ̀tún nìyí. Odigbo ló ti wá. Barnabas, tú u."

Barnabas já òwú rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jábọ́ sórí tábìlì, gbàù, ó dún bí òkúta. Ìdajì ìkúùkù ni, funfun, líle, ìka mẹ́rin hàn lára rẹ̀ kedere.

Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Olè tó fẹ́ owó ì bá gbé àpótí ọrẹ. Ẹni tó kórìíra Barnabas ì bá ya ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìdì náà, tó sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tú u, òun nìkan ló lè jí i. Ọmọ ìjọ á bọ́ bàtà. Waheed á bọ́ bàtà. Kóòṣì, ẹ ra báńdéèjì oníyẹ̀fun, ẹ fi aṣọ lásán bò ó, aṣàyẹ̀wò sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì gbẹ. Omi ló kù. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá da omi lásán sí ọwọ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, wọn yóò béèrè ìdí. Ta ni yóò béèrè ìdí omi àdúrà?"

Barnabas dìde. "Ọwọ́ mi gbóná... Kóòṣì, ọwọ́ mi gbóná."

Eli kò lè wò ó lójú. "Waheed yá ju ìwọ lọ. O ò lè borí ẹ̀ láé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó bà á. N kò mọ̀ pé ojú ẹ̀ á fọ́."

"Ti òsì dà?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Abẹ́ pákó ibi tí a ti ń jà."

Wọ́n bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Waheed, wọ́n fi sí ọwọ́ Eli. Ṣùgbọ́n Waheed kò kúrò lójú kan. "Ọ̀gá," ó ní, "ìkọ̀kọ̀ la ti sọ ọ́. Èèyàn márùn-ún péré ló gbọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilé àdúrà kún fọ́fọ́. Waheed jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọlọ́runníyì jókòó tì í. Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, Barnabas jáde síwájú, ìjọ sì ti la ẹnu láti ké Halelúyà.

"Ẹ má ké e," ni Barnabas wí. "Mo wá gba ẹ̀rí mi padà ni. Kì í ṣe Olúwa ló ja ìjà yẹn fún mi. Pi-o-pi ni. Waheed kò ta ìjà. Òun ló ń borí mi títí a fi fi òkúta fọ́ ọ lójú, ọwọ́ mi yìí la sì fi fọ́ ọ."

Akọrin kò mọ orin tó yẹ kó dá. Màmá Cecilia fi ìborùn bo ojú. Barnabas dúró síbẹ̀, ó la ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí.

Waheed fẹ̀gbẹ́ kan Ìnsípẹ́kítọ̀. "Wọ́n gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Waheed mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó tó rí i, Barnabas ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi bàtà náà wọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Waheed kò na ẹsẹ̀ sí i, kò sì fà á sẹ́yìn.