Wáyà Tó Dípẹtà

Ìwọ tó ń ka ìwé kékeré yìí, ṣé ẹnì kan wà tí ò ń retí ìṣubú rẹ̀? Ẹni tó ṣe ọ́ níbi, tí o sì ti búra lọ́kàn rẹ pé kò ní lọ láìjìyà? Jókòó. Ọ̀rọ̀ Torleif Skogvik kàn ọ́.

Igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ òkun ni Torleif nígbà èwe rẹ̀, ní ìlú èbúté Haugesund. Ọ̀gá rẹ̀, Asbjørn Rekdal, ní kí wọ́n ṣí kúrò ní èbúté nígbà tí ilẹ̀kùn ibi ìkẹ́rù kò tíì tì tán. Omi ya wọlé, ọkùnrin kan sì kú. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, Rekdal ní Torleif ló sọ fún òun pé ilẹ̀kùn ti tì. Irọ́ gbuu ni. Wọ́n gba ìwé-àṣẹ ìtukọ̀ lọ́wọ́ Torleif, Rekdal sì ń tukọ̀ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni inú Torleif ti ń hó. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn fi í ṣe alábòójútó ààbò: bí ọkọ̀ bá ní àbùkù, òun ni wọ́n ń sọ fún, òun ló sì ń dáhùn fóònù pàjáwìrì. Àfi bí iléeṣẹ́ kan náà ṣe gba Rekdal síṣẹ́ ọ̀gá ọkọ̀! Torleif bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i. Nínú ikùn rẹ̀ ó ní Ọlọ́run ti fi ọ̀tá òun lé òun lọ́wọ́. Ó parọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Oddvar Mæland, tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì, ẹni tí kì í pa ilé àdúrà jẹ, rí ìkórìíra náà lójú rẹ̀. Nídìí kọfí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọ̀rọ̀ náà fún Jésù.

Torleif ní, "Oddvar, fi Jésù ẹ sílẹ̀ nílé àdúrà. Ọkùnrin yẹn máa fojú rí màbo lọ́wọ́ mi."

Kò pẹ́ tí ọ̀nà fi là. Ẹni tó ń yẹ ohun ìpaná wò nínú ọkọ̀ Rekdal fóònù sí Torleif. Ó ní wáyà tí wọ́n ń fà láti tú gáàsì ìpaná sínú yàrá ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà, kò ní gbọ́ fífà mọ́. Àfi kí èèyàn wọ yàrá gáàsì, kó fọwọ́ ṣí orí àwọn sìlíńdà. Torleif ní òun á sọ fún ọ̀gá ọkọ̀. Kò sọ. Àwọn olùyẹ̀wò èbúté Rotterdam, níbi tí ọkọ̀ náà ń lọ, ló ta lólobó, láìdárúkọ ara rẹ̀, pé kí wọ́n yẹ wáyà náà wò. Wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á sì gba ìwé-àṣẹ Rekdal náà. Ó lọ jẹun, inú rẹ̀ ń dùn.

Ọkọ̀ kò tíì dé Rotterdam tí iná fi sọ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, lórí Òkun Àríwá, nínú ìjì.

Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, Torleif àti Oddvar rọ́ wọ yàrá pàjáwìrì, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́. Rekdal ní gbogbo èèyàn ti jáde nídìí ẹ́ńjìnnì, àwọn ti dí gbogbo ihò atẹ́gùn, àwọn fa wáyà gáàsì, gáàsì ò jáde.

Mi ò ní parọ́ fún ọ: inú Torleif kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀rù ń bẹ nínú ohùn tó ba ayé rẹ̀ jẹ́, ó sì ń gbọ́ ọ bí orin. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí àwọn atukọ̀ yòókù ń wúkọ́, àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí rẹ̀ tú. Bó bá dákẹ́, wọ́n á kú, yóò sì ní òun ti sọ fún Rekdal, òkú kò sì ní lè jiyàn. Irọ́ tí Rekdal pa mọ́ ọn gan-an ló ti wà létè rẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Oddvar rọra bi í pé, "Torleif, kí lo mọ̀?"

Torleif dìde. "Asbjørn, wáyà yẹn ti dípẹtà. Mo mọ̀. Mi ò sọ fún ẹ torí mo fẹ́ kójú tì ẹ́. Rán èèyàn lọ yàrá gáàsì, kó fọwọ́ ṣí orí àwọn sìlíńdà. Ní báyìí."

Wọ́n gbọ́ tí Rekdal pàṣẹ fún ẹnì kan pé kó sáré lọ. Ó pẹ́ kí ohùn Rekdal tó padà. "Gáàsì ti ń tú."

Iná kú, kò sì sí ẹni tó bá a lọ. Torleif kúnlẹ̀ láàárín àwọn kọ́ọ̀bù kọfí, Oddvar kúnlẹ̀ tì í.

"Jésù, apààyàn ni mí. Mo rò pé òun nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Gbà mí."

Jésù sì gbà á. Wọ́n lé e níṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, kò sì parọ́ kan. Rekdal ńkọ́? Kò jẹ́wọ́ irọ́ àtijọ́ yẹn títí dòní, kì í kí Torleif lọ́nà. Torleif ń gbàdúrà fún un. Ó ní nígbà míì àdúrà náà a máa há òun lọ́fun, síbẹ̀ òun á gbà á.

Má rò pé Ọlọ́run gbàgbé irọ́ Rekdal. Ẹ̀san Ọlọ́run ń bọ̀, ó gbóná ju tìrẹ lọ, ṣùgbọ́n yóò ya ilé tìrẹ náà. Ọ̀tá rẹ lè má wá bẹ̀ ọ́ láéláé. Jésù ti wá ní tirẹ̀, ó sì ti ru ẹ̀san náà fún ọ. Ẹni tí o rántí nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé yìí, kúnlẹ̀, kí o dárúkọ rẹ̀ fún Jésù. Lẹ́yìn náà, dárúkọ ara rẹ. Lónìí.