Májọ̀ Kazmer Ní Ó Di Ọ̀la

Kò sí ẹni tó ń gbé etí Odò Tisza tí kò mọ ìdílé Vereby. Ilẹ̀ wọn pọ̀, ẹṣin wọn pọ̀, ìgbéraga wọn sì ju méjèèjì lọ. Nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀, Kazmer, àrẹ̀mọ ilé náà, wọ aṣọ ológun. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti di májọ̀.

Ní ìgbà òtútù, lórí òkè Karpati níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ará Rọ́ṣíà jà, ó gbọ́ pé jẹ́nẹ́rà ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó fẹ́ gba òkè kan lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà kí jẹ́nẹ́rà tó dé, kó lè gbayì lójú rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì rẹ̀, Daniel Toke, onígbàgbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń ro oko fún àwọn Vereby, bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá, òjò dídì ti mu àwọn ọmọ yìí dé orúnkún. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

Kazmer rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, lọ máa bá àwọn ìyá arúgbó gbàdúrà!"

Igba ọmọ ogun ló gòkè. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sọ̀kalẹ̀.

Ìbẹ̀rùbojo mú Kazmer. Ó kọ̀wé sí àwọn àgbà ogun pé ọ̀gá kékeré kan, Lorinc Bardos, tó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun, ló sá tí nǹkan fi bàjẹ́, pé òun Kazmer ló kó àwọn tó kù yọ. Irọ́ ni. Lorinc ló ń fi ẹ̀yìn pọn àwọn tó fara gbọgbẹ́ sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà ogun dájọ́ ikú fún Lorinc.

Daniel wọlé tọ májọ̀ lọ. "Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn ò jẹ̀bi."

"Panu mọ́!"

"Mo lè pa tèmi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò ní panu mọ́ níwájú Ọlọ́run. Jésù á dárí jì yín. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ òtítọ́ báyìí."

Kazmer tẹjú mọ́lẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni jẹ́nẹ́rà máa fi àmì-ẹ̀yẹ sí mi láyà. Tó bá ti lọ tán, màá sọ, kí wọ́n tó pa ọmọ náà."

Lọ́jọ́ kejì, bí jẹ́nẹ́rà ti ń fi àmì náà sí i láyà, ìbọn dún lẹ́yìn ilé ìjọsìn abúlé, mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí nìyẹn, sà?" ni Kazmer bi í.

"Ojo yẹn ni," ni jẹ́nẹ́rà wí. "Mo ní kí wọ́n tètè parí ẹ̀, kó má baà ba ayẹyẹ rẹ jẹ́."

Kazmer wó lulẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Èmi ni! Èmi ni mo pa á!"

Wọ́n já àmì oyè léjìká rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ idà rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tutọ́ sí i lára.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹun. Nígbà tí Daniel wá wò ó, ó bi í pé, "Ṣé Jésù lè gba irú èmi yìí?"

"Ó gba ọ̀daràn tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀," ni Daniel dáhùn. "Ẹ ké pè É."

Kazmer kúnlẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, ó ké bí ọmọdé. Olúwa gbà á. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò lẹ́wọ̀n pẹ̀lú àlàáfíà tí kò ní nígbà tó wà lórí ẹṣin. Lọ́dọọdún ló ń kọ̀wé sí ìyá Lorinc. Ìyá náà kò fèsì rí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ìdáríjì wà fún ọ, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ pọ́n tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí o fi pamọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń wá ẹni tí yóò pa. Ta ló ń jìyà nítorí tìrẹ nísinsìnyí? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, kí o sì dìde, kí o sáré tọ ẹni náà lọ nígbà tó ṣì wà láàyè.